Ológbò Lè Wo Ọba

Ní Grimsby, tí atẹ́gùn òkun ń gbé òórùn ẹja wọlé,
Clifford Garthwaite fẹ̀yìn ti àga,
àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀.
“Ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ààfin rẹ̀ ni,” ó wí.
Ọwọ́ irin ló fi yí rédíò.

Wọ́n ní agbára a máa wà lẹ́yìn ìtẹ́.
Lẹ́yìn ìtẹ́ Clifford, síńkì ni,
àti Enid, tó ń ka owó ọ̀sẹ̀ sínú agolo tíì:
ó yọ ti gáàsì,
ó yọ ti búrẹ́dì,
ó ku sílè méjì tí Kábíyèsí yóò fi mutí.

Wọ́n ní ológbò lè wo ọba.
Ológbò wò ó títí,
ó yán,
ó lọ sùn sórí bàtà Enid.