Ó Wọ́ bí Ejò

Awọ ewúrẹ́ sùn sínú omi mọ́jú.
Láàárọ̀, Sáńbò gbé e jáde, ó ń rùn,
ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó na ọ̀bẹ sí mi.
"Gé e yípo. Bẹ̀rẹ̀ láti etí, máa bọ̀ ní ìdodo.
Má gbé ọwọ́."

Mo gbé ọwọ́.
Eṣinṣin kan bà lé mi létí, mo gbé ọwọ́,
ọ̀já awọ já sí méjì.
Ó wo òkè Ṣábẹ lọ́ọ̀ọ́kán bíi pé òkè ló ṣẹ̀ ẹ́.
Kò wí nǹkan kan.
Ó tún fa awọ mìíràn jáde nínú garawa.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí.
Ogún ọdún ni mo fi di àpò ṣúgà
kí wọ́n tó ní kí a máa lọ sílé.
Ìyá Ṣàbí ní kí n ra ọ̀kadà, kí n máa ṣe sẹ́mìjan.
Mo ní gáà ni mò ń lọ, mò ń lọ kọ́ bí a ti ń hun pàṣán.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
"Ta ni o fẹ́ nà?"

Ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé mi dé gáà.

Ọ̀já mẹ́rin. A so orí wọn mọ́ èèkàn.
"Ti ọ̀tún gun èyí, ó gba abẹ́ ìyẹn.
Fà á. Kí ó dọ́gba.
Ọwọ́ tó bá ń bínú, pàṣán rẹ̀ á wọ́."
Mo fa ti ọ̀tún bí ẹni ń fa omi kànga,
mo fa ti òsì bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ti sùn.
Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí,
ohun tó wà lọ́wọ́ mi wọ́ bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkété mì.
Ibì kan le koko, ibì kan la ẹnu sílẹ̀.
Háwà, ọmọ Sáńbò, ti ìka rẹ̀ bọ ihò kan:
"Bàbá, ilẹ̀kùn rèé."

Ọjọ́ tí a fi òrí pa awọ ni ọwọ́ mi dúró.
Bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n fipá kó
lọ la ọ̀nà ojú irin.
Ilà wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í ṣe ilà ìdílé.
Lásìkò ọyẹ́, èmi ọmọ kékeré ni mo máa ń fi òrí pa á fún un:
ó ga, ó rẹlẹ̀, ó tún ga.
Ìka mi ti rántí kí èmi tó rántí.

Mo gbé awọ sílẹ̀. Mo ní,
"Sáńbò, o máa ń na màlúù rẹ?"
Ó dìde, ó mú tirẹ̀ lórí ẹ̀ka, ó jù ú lókè,
fàá!
Màlúù mọ́kànlélógójì gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.
Awọ kò kan ẹnikẹ́ni.
"Afẹ́fẹ́ ni mo máa ń nà," ló wí.
Ṣùgbọ́n mo rí àpá kan nítan abo pupa tó dúró lẹ́yìn,
ó pẹ́, irun kò hù níbẹ̀.
N kò bèèrè.
Mo jókòó, mo tún gbá ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú.

Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.
Àjà ilé mi, alubọ́sà ló wà níbẹ̀.
Èyí tó wọ́ yẹn, mo gbé e délé, mo fẹ́ fi í pamọ́;
Ìyá Ṣàbí ti fi di igi ìdáná.
Ó fà á wò, ó tún fà á,
ó ní kò já,
ó ní kí n hun méjì sí i kí òjò tó dé.