Ìwé Epo Bàbá Wa

Ní Ulaanbaatar, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Bàbá wa, Gombosuren, tó fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan láti Japan,
epo lọ́wọ́ kan, iná bátìrì lọ́wọ́ kejì,
bí ọmọ tí ìyá méjì jọ ń fún lọ́mú.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní:
lítà kan, kìlómítà méjìdínlọ́gbọ̀n.
Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ra ìwé aláwọ̀ búlúù, ó gbẹ́ pẹ́ńsù,
ó ní, "Ẹlẹ́rù ló mọ bí ẹrù ṣe wúwo."

Oṣù keje: mọ́kànlélógún.
Oṣù kẹwàá: méjìdínlógún.
Oṣù kìn-ín-ní, tí itọ́ ń di yìnyín kó tó kan ilẹ̀:
méjìlá àti ààbọ̀.
Ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀:
"Ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò sùn. Èrò mẹ́rin, gbogbo wọn ń fẹ́ ooru.
Àgùntàn pípa kan nínú búùtù."

Ẹ̀gbọ́n mi Bilguun ní irọ́ ni wọ́n pa fún wa.
Bàbá ní rárá o, wọn ò purọ́;
inú yàrá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n,
yàrá tí kò ní atẹ́gùn, tí kò ní òkè,
tí kò ní ìyá ìyàwó tó ń pariwo pé ẹsẹ̀ òun ti kú.
"Òtítọ́ inú yàrá ni. Ẹ jẹ́ ká kọ ti òde."

Ó kọ́ wa pé bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè,
táyà á máa dá agbára padà fún bátìrì,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n bátìrì náà ti darúgbó:
ohun tí a kó fún un láàárọ̀,
tó bá di ọ̀sán, ó ti gbàgbé ìdajì.
Bàbá kò bá a jà. Ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé ọ̀nà mọ́, ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́.
Mo wá nọ́ńbà tó ga jù.
Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, láti Terelj bọ̀ wálé:
mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!
Ó ju ti inú yàrá lọ.
Mo ní, bàbá, ẹ ṣi í kọ ni àbí?

Ó yíjú síbi tí Dulmaa, ìyá wa, ti ń da wàrà sínú tíì.
"Ọ̀sẹ̀ yẹn, eékún kò jẹ́ kó fojú kan oorun.
Ó wá sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, létí odò.
Agbo àgùntàn wà níwájú wa. Mi ò fọn fèrè.
Mi ò fẹ́ kó jí."

Èmi ni mò ń wà á báyìí.
Lánàá: mẹ́tàlá àti díẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ṣì wúwo.