Ẹni Tí Kò Kọ̀

Naryn ni, nínú oṣù kìíní, aago méje alẹ́.
Yìnyín ti bo fèrèsé kíláàsì bí ẹni fi ẹfun kùn ún.
Àwa mọ́kànlá là ń kọ́ṣẹ́ iná,
èmi nìkan lobìnrin,
òórùn àlùbọ́sà ilé oúnjẹ tí mo ti ń fọ abọ́
ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ wa, Sabira, fa ìlà kan sójú pátákó,
ó la ìlà náà sí méjì, ó tún so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀.
"Ìṣàn mílíáńpù méjìlá dé oríta," ó ní.
"Ìdènà kílò-óòmù méjì ń bẹ lọ́nà òsì,
mẹ́rin lọ́nà ọ̀tún.
Burul, èló ló kan oníkálukú?"

Mo ti mọ oríta kí n tó mọ wáyà.
Asankul, baba ìyá mi, ló ń pín omi lábúlé wa,
ṣọ́bìrì léjìká, aago oníṣẹ́ẹ̀nì nínú àpò.
Ó mọ wákàtí tí omi òkè gbọ́dọ̀ yà sóko ẹni tó kàn,
ó sì mọ ẹni tó ń sún òkúta lóru.
"Ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn lomi ń gbà," a máa wí,
"ṣùgbọ́n má rò pé kò ní yà síbi tó le.
Á yà á. Díẹ̀ ni."

Mo dìde, ẹnu mi yá:
méjì lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, lọ́nà méjìlá,
mẹ́rin ló kan ọ̀nà òsì!
Sabira ò bá mi wí. Mítà ló nà sí mi.
Mo tú ọ̀nà òsì, mo fi mítà dí àlàfo rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ gbéra, ó kọjá mẹ́rin láìwẹ̀yìn,
ó dúró lórí mẹ́jọ,
ó ń gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni òtútù mú.

"Ìdènà tirẹ̀ lo fi ṣírò fún un," ó ní.
"Bí o bá fẹ́ mọ ìpín ọ̀kan,
ti ẹnìkejì ni kí o gbé sókè,
àpapọ̀ àwọn méjèèjì nísàlẹ̀."
Mẹ́rin lórí mẹ́fà, nínú méjìlá: mẹ́jọ.
Méjì lórí mẹ́fà, nínú méjìlá: mẹ́rin.
Mẹ́jọ pẹ̀lú mẹ́rin, ó pé. Oríta kì í jí nǹkan kan mú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà n ò gbọ́ nǹkan mọ́
fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí ilé wa ni mo ń wò lójú pátákó:
ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa, èédú tó yẹ kó wọlé,
màlúù, gbèsè, ìwé ilé ìwòsàn,
gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí oríta àárín èmi àti Tilek.
Tilek mọ kíkọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọ̀rẹ́ ń dúró dè é, ó di ọ̀la.
Èmi, "ó dáa" ti jáde lẹ́nu mi kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.
Mo ṣebí agbára mi ló fà á.
Àṣé bí mo bá fẹ́ ṣírò ẹrù orí mi,
Tilek ló yẹ kí n kọ sókè.

Mo fọwọ́ kan ìdènà òsì. Ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.
Èkejì ò tíì gbóná tó o.
"Bó bá jẹ́ wáyà lásán ló wà níbẹ̀ ńkọ́," mo bi í,
"tí kò kọ̀ rárá?"
Sabira ti ń nu pátákó.
"Gbogbo rẹ̀ á gba ibẹ̀. Èkejì ò ní rí nǹkan kan gbé.
Kò sì ní pẹ́ tí nǹkan á fi jóná."

Bọ́ọ̀sì ti lọ. Mo fẹsẹ̀ rin etí odò tó dì délé.
Tilek wà lẹ́nu ọ̀nà, iná fóònù mọ́ ọn lójú:
"Burul, èédú ti fẹ́ẹ̀ tán o."
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo nà án sí i.
"Garawa mẹ́jọ ni mo gbé láàárọ̀. Ó ku mẹ́rin."
Ó wò mí bí ẹni tí kò gbédè mi.
Mo wọlé, mo jókòó ti ìyá wa.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì.