Ọwọ́ Ọ̀tún, Tábìlì Kẹrin

Ní Winnipeg, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Aago mẹ́fà ìdájí, òkùnkùn ṣì ṣú bí ìdí ìkòkò,
mo dúró de bọ́ọ̀sì, mo gbá ìwé eegun mọ́ àyà
bí ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ní kí n bá wọn gbé.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá rèé.
Márùndínláàádọ́ta ni mo gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́,
nínú ọgọ́rùn-ún.
N kò tíì sọ fún Bàámi,
Bàámi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìwó,
tó ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra epo pé
Ìbídàpọ̀ òun ti di dókítà.
Dókítà kẹ̀!
Èmi tí orúkọ iṣan ń yọ́ lórí mi
bí yìnyín lẹ́sẹ̀ bàtà, lẹ́nu ọ̀nà.

Lánàá, ní yàrá ìsàlẹ̀ tí òórùn oògùn ti ń mú ojú ṣomi,
a ká aṣọ kúrò lórí ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan.
Wọn ò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Tábìlì Kẹrin là ń pè é.
Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ síwèé nígbà tó wà láàyè
pé kí wọ́n gbé òun fún àwọn òpè bíi tiwa.
Rowena di abẹ mú, ó ní kí n máa pe orúkọ.
Mo yanu. Orúkọ kọ̀, kò jáde.
Ni ojú mi bá bọ́ sí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀:
ìlà dúdú kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀,
irú èyí tí ọṣẹ ò lè bọ́, tí kẹrosíìnì ò lè bọ́.
Girísì.

Mo di ọmọ ọdún méje padà lórí àpótí,
ẹ́ńjìnnì wà ní títú sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì,
Bàámi ń nawọ́, kò wojú mi:
"Èyí ńkọ́?" Púlọ́ọ̀gì.
"Èyí?" Písítìnì.
"Bí o bá ṣì í pè, irin ò ní bínú. Ṣáà tún un pè."

Mo tún un pè.
Eegun kéékèèké mẹ́jọ ní ọrùn ọwọ́,
bíi nọ́ọ̀tì nínú agolo mílíìkì,
ọ̀kan rí bí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Mo ṣi ìkarùn-ún pè. Rowena rẹ́rìn-ín.
Mo padà sí ìkíní.
Ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó dé ìkẹjọ.

N kò ní purọ́: lálẹ́ mo ṣì sunkún,
ìrẹsì jóná mọ́ ọn.

Ọ̀sán ti pọ́n ní Ìwó. Mo tẹ Bàámi láago:
"Bàámi, márùndínláàádọ́ta ni mo gbà o."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń fún táyà ní afẹ́fẹ́.
"Ọ̀kadà tí kò jí ní ìgbá kìíní,
ṣé sísin là ń sin ín?"

Iná bọ́ọ̀sì yọ lókèèrè.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
mo ń fi ìka wá ìkarùn-ún lọ́rùn ọwọ́ ara mi.