Ògiri Dilmaya

Wákàtí mẹ́fà ni a fi gun òkè dé Okharbot,
páìpù lórí èjìká, ọkàn lẹ́nu.
Mo rò pé èmi ni mo wá ràn wọ́n lọ́wọ́.
Jasbir, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba ẹrù mi kún tirẹ̀,
ó fi okùn gbé e kọ́ iwájú orí,
ó ń súfèé lọ bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.
Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀,
olóore tí wọ́n ń ti oore rẹ̀ gòkè.

Omi ń já láti òkè níbẹ̀ tọ̀sán tòru,
omi tó tutù wọ eegun.
Àwọn baba wọn ti ń fi í lọ àgbàdo láti ìgbà ìwáṣẹ̀;
àwa fẹ́ kó máa yí irin,
kí irin máa bí iná.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi gbẹ́ kòtò.
Òjò wó o lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n mí.
Dilmaya na ṣọ́bìrì sí mi, kò sọ̀rọ̀.
Ọ̀rọ̀ wo ló kù tí ṣọ́bìrì kò tíì sọ?

Lálẹ́, lẹ́bàá ààrò, wọ́n bi mí:
"Níbi tí o ti wá, ṣé iná kì í lọ?"
Mo wo èéfín. Mo wo ife tíì ọwọ́ mi.
Mo ní, ní Ìkìrun, ìyá mi ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́wàá
kí epo lè ṣẹ́ kù di ọ̀la.
Ilé pa lọ́lọ́.
Ni Dilmaya bá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Afọ́jú ló wá fọ̀nà hàn wá!"
Jasbir ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀.
Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ rí ló mọ ibi tí à á gbẹ́ kànga sí."

Ọjọ́ tí a ṣí omi,
páìpù kọ́kọ́ wúkọ́, ó pọ ọ̀pọ̀lọ́ kan jáde,
àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà irin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin,
gílóòbù kan ṣoṣo sì tàn nílé Dilmaya.

Mo ti mú fóònù dání láti ya ẹ̀rín rẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ògiri ló ń wò.
Èéfín ogójì ọdún wà lára ògiri yẹn,
dúdú bí ìdí ìkòkò,
òwú aláǹtakùn rọ̀ kalẹ̀ bí irun àgbà.
Nínú òkùnkùn, ilé rẹ̀ mọ́.
Àwa la gbé ìdọ̀tí wọlé, a pè é ní ìmọ́lẹ̀.

"Pa á," ló wí.
Mo pa á.
A jókòó, èmi, òun, àti ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Fóònù wúwo lápò mi bí òkúta.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a lẹ́yìnkùlé,
ó ń po amọ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màálù,
ó ti ká aṣọ dé orúnkún.
Ó na àkísà sí mi
bó ṣe na ṣọ́bìrì sí mi níjọ́sí.
A rẹ́ ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ibi tí mo rẹ́ kò dán; ó tún un rẹ́, kò bá mi wí.
Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ iná.

Mi ò ya fọ́tò.

Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó ń wo ògiri pupa
bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.
Ọ̀gànjọ́ ni fóònù mi dún:
ìyá mi ni, láti Ìkìrun, alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ níbẹ̀.
"A ò ríná láti ìjẹta. Epo ti wọ́n."
Mo ní, "Màámi, ẹ wo ìyá kan."
Mo yí ojú fóònù sí Dilmaya.
Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, dúdú ni, dúdú kirikiri,
ohùn kan ṣoṣo ló ń ti inú rẹ̀ jáde.
Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà,
ó tẹrí ba,
ó kí òkùnkùn náà.