Ẹ̀ẹ̀mẹta àti Díẹ̀

Ní Móńgólíà, níbi tí igi ti wọ́n ju ẹṣin lọ,
a máa ń gbé ilé wa rìn bí ìgbín.
Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá,
yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀,
Dulmaa, ìyá ìyá mi, ní,
"Ìwọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́, wá fi ìwé rẹ ṣe wá lóore."

Mo kọ́kọ́ wọn ọgbà àgùntàn.
Òòró mítà méjìlá, ìbú mẹ́jọ.
Mo ro wọ́n pọ̀, ó di ogún;
mo sọ ogún di ìlọ́po méjì, ó di ogójì.
Ìyá kò dá mi lóhùn. Ó fẹsẹ̀ tọ etí ọgbà,
bàtà rẹ̀ ń fọ́ yìnyín, ètè rẹ̀ ń kà,
títí ó fi padà síbi tó ti gbéra.
Ó ní, "Ó bá ẹsẹ̀ mi mu."

Ti àwọn ọmọ ẹran kò le. Òpó mẹ́ta la rí,
ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta la fún un.
Ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún: méjìlá.
Ọmọ ewúrẹ́ kan fò ó kọjá kí n tó kà á tán.

Ó wá ku ilé,
ilé roboto tí kò ní igun tí èèyàn lè sá sí.
Níbo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò níbẹ̀rẹ̀?
Mo na okùn gba orí ààrò kọjá, láti ògiri dé ògiri:
mítà mẹ́fà.
Olùkọ́ wa, Tömörkhuyag, ti sọ ọ́ ní kíláàsì,
pé etí òbírí jẹ́ ìlà àárín rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta
àti díẹ̀.
Mo gbọ́ ẹ̀ta. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí àga.

Okùn irun ẹṣin ni.
Bàbá àgbà fi ìgbà òtútù méjì hun ún kó tó kú.
Mo gé e ní méjìdínlógún.
A fi í di ilé lámùrè,
orí okùn méjèèjì sì ń wo ara wọn lókèèrè
bí ọmọ ìyá tó jà:
ìgbọ̀nwọ́ méjì sí ara wọn.

Mo ń retí igbe. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ké.
Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èyí tí mo gé nù,
ó fi eyín fà á, ó so ó, kókó méjì.

Mo ti ní ọmọ báyìí. Tí a bá ń pa ilé,
tí mo ń fọwọ́ tọ okùn yí i ká nínú òkùnkùn,
ọwọ́ mi á kan kókó náà,
màá sì dúró díẹ̀.