Ọmọdékùnrin Apá Òsì

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Eluned ń ṣí ilẹ̀kùn
ilé ìjọsìn tí wọ́n ti patì ní abúlé òkè Wales,
á tan ààrò tí kì í mú yàrá gbóná,
á gbé fọ́tò kan sábẹ́ iná:
afọ́kùúta mọ́kànlá, eruku nínú irùngbọ̀n.

Ó ti mọ mẹ́wàá.
Ti apá òsì, ọmọdékùnrin tó di fìlà mú,
ọdún mẹ́fà ló fi wá a.

Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un.
Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá,
òkú ò kúkú mọ iye tí wọ́n ra aṣọ òun."

Lánàá, arúgbó kan nílé ìtọ́jú
fi ìka tó ń gbọ̀n kan fọ́tò náà:
"Ifor ni. Ẹ̀gbọ́n mi.
Ó jẹ mí ní ṣílè kan."

Eluned fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò,
títí kan ṣílè náà.